Ìgbín Tíntìntín Abẹ́ Ewé: Ìdílé àti Ibùgbé Wọn láti Ìfọ̀ dé Mówè

Bí a bá ti dárúkọ ìgbín ní ilẹ̀ Yorùbá, ìgbín ńlá tí a ń jẹ ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Archachatina marginata, tí àwọn oníṣòwò ń kó sínú agbọ̀n lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí àwọn olórìṣà sì ń lo omi rẹ̀ fún ẹ̀rọ̀ ní ojúbọ Ọbàtálá. Ìpéré ló tẹ̀lé e, tí kò tóbi tó o, tí àwọn ọmọdé sì máa ń ṣà lẹ́yìn òjò. Ẹni tí ó bá dúró síbi àwọn méjèèjì yìí ṣì wà ní etí ọ̀rọ̀ ìgbín ni, nítorí pé nínú igbó ilẹ̀ olóoru, àwọn ẹ̀yà ìgbín orí ilẹ̀ tí kì í ju mìlímítà 5 lọ bí wọ́n tilẹ̀ dàgbà tán sábà máa ń pọ̀ ju àwọn ńláńlá lọ. Abẹ́ ewé tó ti wọ́ sílẹ̀, inú igi jíjẹrà àti ìdí gbòǹgbò ni ibùgbé wọn. Ẹni tí ń ṣán oko tàbí tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lè tẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀ láàárín wákàtí kan kí ó má sì mọ̀ pé ohun alààyè kan wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Ògùn, láti Ìfọ̀, tí ojú irin Èkó sí Abẹ́òkúta gba inú rẹ̀ kọjá, títí dé Ìbafò àti Mówè ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, tí odò Ògùn sì ń ṣàn gba àárín wọn lọ sí ọ̀sà Èkó. Ní ogójì ọdún sẹ́yìn, oko àti ẹgàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lónìí, ilé ló kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbín tíntìntín kò kásẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ àwọn tí ó kù níbẹ̀ kò fi gbogbo ara jẹ́ irú àwọn ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bí ènìyàn bá rí irú ìgbín bẹ́ẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń sọ ni pé ọmọ ìgbín ni. Ìwọ̀n nìkan ti tó láti já ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ẹyin ìgbín ńlá fúnra rẹ̀ máa ń gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 17, ọmọ tí ó sì jáde láti inú rẹ̀ ti ju ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láàárín àwọn ìgbín tíntìntín lọ ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fojú kan ayé. Ti ìpéré ló lè rú ni lójú díẹ̀, torí pé ọmọ tirẹ̀ kéré gan-an. Níbẹ̀ ni a ti ní láti wo ẹnu ìkarahun. Láti ẹnu rẹ̀ ni ìkarahun ti máa ń gùn sí i, ìyípo kan tẹ̀lé òmíràn, níwọ̀n ìgbà tí ẹran inú rẹ̀ bá ṣì ń dàgbà, ètè ẹnu náà yóò sì fẹ́lẹ́, yóò máa tètè kán. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìdílé àwọn ìgbín tíntìntín, bí ẹran náà bá ti dàgbà tán, ètè yóò nípọn, yóò yí síta díẹ̀, nínú àwọn mìíràn eyín yóò tún hù yí i ká. Ìkarahun tí kò ju mìlímítà 3 lọ tí ètè rẹ̀ sì ti nípọn kì í ṣe ti ọmọdé rárá.

Afẹ́fẹ́ ni gbogbo wọn ń mí. Ìṣáwùrú inú ọ̀sà ní ẹ̀yà ara tí ó fi ń fa afẹ́fẹ́ láti inú omi bí ẹja ti ń ṣe, ìgbín orí ilẹ̀ ní tirẹ̀ kò ní irú rẹ̀ mọ́. Ihò kan tí ó wà lábẹ́ ìkarahun, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tàn ká àjà rẹ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró fún un, ojúhò kékeré kan tí ó wà lápá ọ̀tún ara rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ sì ń gbà wọlé. Bí a bá gbé ìgbín ńlá sórí ewé tí a sì mú sùúrù títí yóò fi nà jáde dáadáa, a ó rí ojúhò yìí ní etí ìkarahun, tí yóò là fún ìgbà díẹ̀, tí yóò sì tún padé. Bákan náà gẹ́lẹ́ ló rí lára èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 2, àfi pé awò tí ń sọ nǹkan di ńlá ni a ó fi rí i. Kì í ṣe eré ni ìgbín ń fi ojúhò yìí ṣe, nítorí pé ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni omi ara ń gbà sá jáde, ara tí ó kéré sì máa ń yára gbẹ ju ara ńlá lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tíntìntín fi ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ó tutù, tí wọ́n ń jáde lóru àti lẹ́yìn òjò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi itọ́ ara wọn dí ẹnu ìkarahun nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí itọ́ náà lè gbẹ di awọ tí kò jẹ́ kí omi ara wọn tán.

Àwọn ìgbín orí ilẹ̀ kan tún wà ní igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí àwọn ìdílé Maizaniidae, tí wọ́n ní ìdérí líle kan tí wọ́n ń fi ti ẹnu ìkarahun bí wọ́n bá fà sínú, tí akọ yàtọ̀ sí abo láàárín wọn, tí wọn kò sì ní ojúhò tó ń là tó ń padé. Ẹni tí kò bá wò ó fínnífínní yóò kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí àwọn baba ńlá wọn gbà jáde kúrò nínú omi, nígbà tí ìgbín ńlá, ìpéré àti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tíntìntín sì jẹ́ akọ àti abo nínú ara kan ṣoṣo.

Títo àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí sí ìdílé-ìdílé ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún méjì àtààbọ̀. Ní ọdún 1758, Carl Linnaeus, ará Sweden tí ó dá ètò orúkọ alápá méjì sílẹ̀ fún ẹranko, kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìgbín orí ilẹ̀ tí ó mọ̀ sínú ìran kan ṣoṣo tí ó pè ní Helix. (Ìran ni àkójọ àwọn ẹ̀yà tí ó sún mọ́ ara wọn jù, ìdílé sì ni àkójọ àwọn ìran.) Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Georges Cuvier, ará Faransé, ya àwọn tí ń fi ẹ̀dọ̀fóró mí sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Pulmonata, ní ọdún 1855, A. Schmidt, ará Jámánì, tún ya Stylommatophora sọ́tọ̀, ìyẹn àwọn tí ojú wọn wà ní ṣóńṣó ìwo gígùn tí wọ́n lè fà sínú. Inú Stylommatophora yìí ni ìgbín ńlá, ìpéré àti gbogbo àwọn tíntìntín tí ọ̀rọ̀ wọn ń bọ̀ wà. Orúkọ Pulmonata ṣì pọ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 2005 ni àwọn atòlẹ́sẹẹsẹ kò ti kà á sí ìsọ̀rí tí ó dúró ṣinṣin mọ́, nítorí ìwádìí ti fi hàn pé àwọn ẹ̀dá inú òkun kan tí kò ní ẹ̀dọ̀fóró rárá bá wọn tan ju bí a ti rò lọ.

Fún ìgbà pípẹ́, ìkarahun ni a fi ń mọ ẹni tí ó bá ẹni tan. Àwọn ìwé ńláńlá tí Henry Pilsbry ṣe ní Philadelphia, pàápàá èyí tí ó gbé jáde ní 1919 lórí àwọn ìgbín orí ilẹ̀ Congo, tí àwọn tí ń wádìí ìgbín Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣì ń ṣí wò títí di òní, gbára lé ìrísí ìkarahun lọ́pọ̀lọpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a tún tú inú ẹran díẹ̀ wò níbẹ̀. Yorùbá ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Nínú ọ̀rọ̀ ìbátan, ìkarahun kì í tẹ̀lé ẹran bẹ́ẹ̀. Ìgbín méjì tí kò bára tan lè ní ìkarahun tí ó jọra nítorí pé irú ibì kan náà ni wọ́n ń gbé, ọmọ ìyá méjì sì lè yàtọ̀ síra pátápátá. Nígbà tí Christopher Wade, Peter Mordan àti Bryan Clarke gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde ní England ní ọdún 2001 lórí DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá tí ó wà nínú ara gbogbo ohun alààyè, ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ìgbín orí ilẹ̀ pín sí ẹ̀ka ńlá méjì: ẹ̀ka ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀, àti ẹ̀ka àwọn yòókù.

Àwọn wo wá ni ẹbí ìgbín ńlá? Ìdílé Streptaxidae wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ìdílé yìí ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí kò tó mìlímítà 5, ẹran ni wọ́n sì ń jẹ. Ìgbín ńlá tí ń jẹ ewé ìbẹ́pẹ àti tíntìntín kan tí ń pa ìgbín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ lábẹ́ ewé ibẹ̀ kan náà súnmọ́ ara wọn ju bí èyíkéyìí nínú wọn ti súnmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbín tíntìntín mìíràn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí ẹni tí ìbá fi ojú lásán mọ èyí.

Ó tọ́ kí a dúró díẹ̀ síbi Streptaxidae, nítorí pé àwọn ló sábà máa ń ní ẹ̀yà púpọ̀ jù nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Ìran tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Gulella, tí àwọn onímọ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹ̀yà rẹ̀ lórúkọ ní Áfíríkà. Ptychotrema, tí òun náà wà ní igbó Nàìjíríà, sì jọ ọ́ gan-an. Bí a bá fi awò wo ìkarahun Gulella kan tí ó ti dàgbà, a ó rí i pé kò ní ṣóńṣó bíi ti ìpéré: òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ bákan náà, àwọ̀ rẹ̀ funfun tàbí kí ó mọ́ gaara, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ a sì máa wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló yani lẹ́nu jù, nítorí eyín bíi mélòó kan tí wọ́n hù láti ara ètè sínú fi ọ̀nà tóóró sílẹ̀ débi pé ènìyàn á máa rò ó báwo ni ẹran náà ṣe ń rí ibi jáde. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kí eyín wọ̀nyí máa dí kòkòrò apẹranjẹ lọ́nà. Iye eyín àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ni wọ́n fi ń ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ìdí nìyí tí ìkarahun ọmọdé, tí eyín kò tíì hù sí lẹ́nu, fi ń fún wọn ní wàhálà púpọ̀. Ẹran inú rẹ̀ kò wá fara pamọ́ rárá: nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà, ó pupa rúsúrúsú tàbí kí ó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè.

Ẹbí kejì ni àwọn tí à ń pè ní Subulinidae tẹ́lẹ̀, àwọn onígbọọrọ tí ìkarahun wọn gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ìwádìí DNA ló mú kí a kó wọn wọ inú Achatinidae, ìdílé ìgbín ńlá fúnra rẹ̀, nínú ètò tí a ń lò láti ọdún 2017, débi pé ẹni tí ó bá ka ìwé àtijọ́ àti ìwé tuntun pọ̀ yóò rí ẹ̀yà kan náà nínú ìdílé méjì. Èyí tí ó tàn kálẹ̀ jù nínú wọn ni Subulina octona. Ó ju ìwọ̀n mìlímítà 5 lọ, nítorí pé ó lè gùn tó 15, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ ju nǹkan bíi 4 lọ. Ìkarahun rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ gaara débi pé bí ẹyin bá wà nínú rẹ̀, a lè kà á láti òde: ẹyin róbótó, funfun, tí ó tóbi ju bí ènìyàn ti lè retí lọ, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn nínú ìyípo ìkarahun. Ọ̀kan ṣoṣo lè bímọ láìrí ẹnìkejì, torí ó lè fi àtọ̀ ara rẹ̀ sọ ẹyin ara rẹ̀ di ọmọ. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà: ọ̀kan péré tí ó bá bọ́ sínú ìkòkò òdòdó kan ti tó láti kún ọgbà. Láti àwọn erékùṣù Caribbean ni ìkarahun tí a kọ́kọ́ fi sọ ọ́ lórúkọ ti wá ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí ọ̀pọ̀ ìwé sì fi ń kọ ọ́ pé Amẹ́ríkà olóoru ni ilé rẹ̀. Síbẹ̀, Áfíríkà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀yà yòókù nínú ìran rẹ̀ wà, èyí tí ó mú kí àwọn kan máa bi ara wọn bóyá láti ìhín ló ti bá ọkọ̀ ojú omi kọjá sí òdìkejì òkun láyé òwò ẹrú. Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu. Allopeas gracile, tí ó kéré sí i, tí Hutton sì kọ́kọ́ ṣàpèjúwe láti Íńdíà ní 1834, ti di ará ilé ní ilẹ̀ olóoru gbogbo bákan náà.

Àwọn tó kù kò ní gba àyè púpọ̀. Thapsia, tí ó wà nínú ìdílé Urocyclidae, ní ìkarahun pẹlẹbẹ tí ó ń dán. Trochozonites, ẹbí rẹ̀, ṣe ṣóńṣó lókè. Afropunctum seminium, tí kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ, tàn láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Ìlà-Oòrùn rẹ̀. Pupisoma dioscoricola, tí a kọ́kọ́ ṣàpèjúwe láti Jàmáíkà ní 1845, ń gbé lára igi àti ewé, kì í sábà sí nílẹ̀, ó sì wà káàkiri ilẹ̀ olóoru. Cecilioides ń gbé inú iyẹ̀pẹ̀, kò sì ní ojú tí ó fi ń ríran. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kéré tó Angustopila psammion, tí a sọ lórúkọ ní 2022 láti ilẹ̀ òkúta ẹfun Vietnam, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà.

Nípa ìtànkálẹ̀, ibi tí Ìfọ̀ àti Mówè wà lórí àwòrán ilẹ̀ ṣe pàtàkì. Igbó kìjikìji Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò so pọ̀ láti Liberia dé Cameroon. Láti agbègbè Accra kọjá Togo dé orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀dàn ló sọ̀ kalẹ̀ dé etíkun, àwọn onímọ̀ sì ń pe àlàfo náà ní àlàfo Dahomey. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà ní ìhà ìlà-oòrùn àlàfo yìí, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí àwọn ìgbín inú igbó rẹ̀ bá àwọn ti Ẹdó àti Cameroon tan ju àwọn ti Ghana lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ayérayé ni àlàfo náà ti wà: ohun tí ó sìn sí ìsàlẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù Benin fi hàn pé igbó bo ibẹ̀ ní ìgbà kan, kí ọ̀dàn tó tún gbà á ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn. Bí ènìyàn bá ṣe ń ti Ìjẹ̀bú bọ̀ wá sí ìhà Yewa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gbẹlẹ̀ ń le sí i tí igbó sì ń fún ọ̀dàn láyè, ìgbín tí kò lè gba ẹ̀ẹ̀rùn mọ́ra kò sì lè bá a dé òpin ìrìn náà.

Bí ìgbín ṣe lè pọ̀ tó nínú igbó tí a kò tíì bàjẹ́ hàn nínú ìwádìí méjì. Ní 1998, A. J. de Winter àti E. Gittenberger kéde pé ẹ̀yà 97 ni àwọn rí nínú kìlómítà kan níbùú, kan lóròó, nínú igbó gúúsù ìwọ̀-oòrùn Cameroon. Ní 2006, O. C. Oke àti F. I. Alohan ti Yunifásítì Benin lo irú ìwọ̀n kan náà nínú ọgbà ẹranko Okomu ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, wọ́n sì rí ẹ̀yà tí ó ju 40 lọ. Àwọn ẹ̀yà tí ó pọ̀ jù nínú irú àkọsílẹ̀ báyìí ni Streptaxidae àti àwọn onígbọọrọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà sì wà tí ìkarahun kan tàbí méjì péré ni wọ́n máa ń rí. Igbó Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí UNESCO kà mọ́ àwọn ibi ìpamọ́ ohun alààyè àgbáyé láti 1977, ló ṣẹ́ kù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tí ó ṣì sún mọ́ irú ipò bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rinrin, ẹfun ló kàn. Kálísíọ̀mù ni ìgbín fi ń mọ ìkarahun rẹ̀, ilẹ̀ tí ó ní òkúta ẹfun sì sábà máa ń ní ìgbín púpọ̀ káàkiri ayé. Láti Ìfọ̀ lọ sí àríwá, ènìyàn kò ní pẹ́ dé Pápálántò àti Ewékorò, níbi tí òkúta ẹfun wà nítòsí ojú ilẹ̀, tí a sì ti ń wà á ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú òkun ló di òkúta náà, nígbà tí òkun ṣì bo ibẹ̀ ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè sì gbé ìwé ńlá jáde lórí wọn ní 1977. Ní ìhà Ìbafò àti Mówè, iyanrìn àti amọ̀ ẹrọ̀fọ̀ ló wà lókè, ẹfun kò sì pọ̀ níbẹ̀. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, igi a máa ran ìgbín lọ́wọ́. Ní 2004, àwọn oníwàádìí mẹ́ta, Cailleau, Braissant àti Verrecchia, ṣàlàyé láti Côte d'Ivoire bí ìrókò pẹ̀lú àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ṣe ń kó ẹfun jọ sí ìdí igi náà, lórí ilẹ̀ tí kò ní òkúta ẹfun tẹ́lẹ̀ rárá; àwọn tí ń la pákó ti mọ òkúta inú ìrókò tipẹ́, nítorí pé ó máa ń ba eyín ayùn jẹ́. Igbó orò àti ìdí ìrókò tí a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wá di ibi tí ewé gbígbẹ nípọn, tí òjìji wà, tí ẹfun sì wà, ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìgbín inú igbó ń wá.

Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, Ìbafò àti Mówè bọ́ sí ojú títì, àwọn tí ilé Èkó ti wọ́n fún sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ níbẹ̀. Katakata a kọ́kọ́ ha ewé àti iyẹ̀pẹ̀ dúdú kúrò, iyanrìn a tẹ̀lé e níbi tí ó bá jẹ́ ẹrọ̀fọ̀, kọnkéré a sì bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé. Gulella tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ìgbín mìíràn kò lè fara da èyí, nítorí pé ó nílò ewé jíjẹrà, ó sì nílò àwọn tí yóò jẹ. Àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn kọnkéré ni Subulina, Allopeas àti àwọn mìíràn tí ó mọ ìwà ènìyàn. Inú iyẹ̀pẹ̀ òdòdó àti irúgbìn inú ọ̀rá tí àwọn oníṣòwò ń tà lẹ́bàá títì ni wọ́n ń bá wọlé, ìdí agbada omi àti abẹ́ búlọ́ọ̀kù tí a kò lò tán sì tó wọn gbé. Ẹfun kò wọ́n wọn níbẹ̀ mọ́, nítorí pé ìgbín a máa fi ahọ́n rẹ̀ tí ó ní eyín wẹ́wẹ́ ha ara ògiri sìmẹ́ǹtì. Ìgbín ilẹ̀ òde òní wá ń fi ìkarahun òkun àtijọ́ tí a wà jáde ní Ewékorò mọ ti ara rẹ̀.

Kì í ṣe ènìyàn nìkan ló ń gbé wọn kiri. Ní Japan, Shinichiro Wada pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Tornatellides boeningi, ìgbín kan tí ó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 2 àtààbọ̀, bọ́ ẹyẹ, wọ́n sì rí i pé nǹkan bíi 15 nínú 100 ló jáde láàyè nínú ìgbẹ́ wọn, tí ọ̀kan nínú wọn sì bímọ láìpẹ́ lẹ́yìn náà. Àbájáde náà jáde ní 2012. Fún ẹ̀dá tí ìrìn ọjọ́ kan rẹ̀ kò ju mítà díẹ̀ lọ, inú ẹyẹ kúrò ní ohun tí a lè fi ṣeré.

Ọ̀rọ̀ ìlera tún wà nínú rẹ̀. Subulina octona kan náà ló ń gbé ọmọ aràn tí ń wọ inú ẹ̀dọ̀ ológbò, gẹ́gẹ́ bí J. F. Maldonado ti fi hàn ní Puerto Rico ní 1945, ó sì wà lára àwọn ìgbín tí ó lè gbé aràn ẹ̀dọ̀fóró eku, tí ó lè dé ọpọlọ ènìyàn bí wọ́n bá jẹ ìgbín tútù tàbí ewébẹ̀ tí irú ìgbín bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ láìfọ̀ ọ́. Ẹni tí ń gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ní láti máa ṣí ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ omi kí ó tó gé e, nítorí pé ìgbín onígbọọrọ tí ó kéré kì í hàn nínú ìdì ẹ̀fọ́. Ìgbín ńlá tí a sè jinná kò sí nínú ìkìlọ̀ yìí.

Ohun tí a fi ń wá wọn kò wọ́n. Àwọn oníwàádìí a máa yan ibì kan tí wọ́n ti wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, wọn a fi ojú àti ọwọ́ wá àwọn tí ó hàn fún ìwọ̀n àkókò kan tí wọ́n ti fọwọ́ sí, lẹ́yìn náà wọn a kó ewé gbígbẹ àti iyẹ̀pẹ̀ òkè sínú àpò. Bí ó bá gbẹ tán, asẹ́ tí ojú rẹ̀ yàtọ̀ síra ni wọ́n ń fi sẹ́ ẹ, kí ohun tí ó bá bọ́ sí asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré jù tó lọ sábẹ́ awò. Èyí tí ó bá ṣì wà láàyè ni a ń fi sínú ọtí líle fún ìtúpalẹ̀ àti fún DNA, ìkarahun òfìfo sì ń lọ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú ìwé tí a kọ orúkọ ibẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, irú ilẹ̀ àti irú igi tí ó wà níbẹ̀ sí. Ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Ògùn, láti oṣù karùn-ún sí oṣù keje ni ewé máa ń tutù jù, bí òjò bá sì ti dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, àwọn kan nínú wọn a sọ̀ kalẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá dé igbó kan náà ní oṣù kẹfà àti ní oṣù kìíní kò ní bá àwọn kan náà níbẹ̀.